Ìperí fún Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ àti Ìwúlò Wọn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Ra Òmíràn ní Owó Pọ́ọ́kú: Àpẹẹrẹ láti Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ní ààlà lè mú kí ènìyàn pàdánù owó. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ní Ẹ̀rìn-Ilé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yún ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọjà Ọ̀fà tí kò jìnnà sí i ni ọ̀nà rẹ̀ yóò já sí. Ohun tí yóò béèrè níbẹ̀ ni 'táyà'. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, 'táyà' lè jẹ́ rọ́bà tí ó ń kan ilẹ̀ nìkan. Ó sì tún lè jẹ́ rọ́bà náà pẹ̀lú irin tí ó gbé e dúró àti gbogbo ohun tí ó wà láàrin wọn. Ọlọ́jà yóò béèrè pé táyà mélòó ni. Oníbàárà yóò dáhùn pé méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn méjèèjì yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ti yé ara àwọn. Ó di ìgbà tí oníbàárà bá padà délé kí ó tó mọ̀ pé ohun tí òun rà kò wọ ibi tí òun fẹ́ fi í sí.

Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ àwọn ìperí tí ó jẹ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wò, kí ó sì fi hàn pé ìperí tí ó bá bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ mu lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú àdánù bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn jùlọ ni kẹ̀kẹ́ eré-ìje, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò, tí táyà rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn, ìwọ̀n wọn kò sì bá ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá ń gùn lọ sí oko mu. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gba ọ̀nà, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ti dín kù, nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò ní àyè láti ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ lórí ìperí kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni iṣẹ́ yẹn dá lé. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kò sí lára ohun tí ó kàn án, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gan-an ni wọ́n ń fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́.

2.0 'Kẹ̀kẹ́', 'ẹsẹ̀' àti 'táyà'

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà 'kẹ̀kẹ́' fi ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Nínú Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni orúkọ ohun róbótó tí ń yí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìran tí Ìsíkíẹ́lì rí. Nígbà tí ohun ìrìnnà ẹlẹ́sẹ̀ méjì dé, orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ yìí ni wọ́n fi pe odindi rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ náà wà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì dé láìpẹ́ yìí. Odindi ti gba orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀yà, ẹ̀yà sì wà láìní orúkọ. (Kẹ́kẹ́ tí wọ́n ń bù sí ojú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n, nítorí náà ẹni tí ń kọ ìwé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn ṣeré.)

Ọ̀rọ̀ tí ó lè di àlàfo náà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n ń sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ jò, pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yọ. Nítorí náà, 'ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́' ni ó yẹ kí ó dúró fún odindi ohun tí ń yí, láti àárín títí dé rọ́bà. 'Táyà' yóò wá dúró fún rọ́bà ìta nìkan, 'túúbù' fún rọ́bà inú tí ń gba afẹ́fẹ́, 'ríìmù' fún òrùka irin tí táyà jókòó lé. Ọ̀rọ̀ àyálò àfetíyá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ìdí láti wá òmíràn rọ́pò wọn, nítorí pé ọmọdé tí ó ti fi igi yí ríìmù kiri àdúgbò rí mọ ohun tí ríìmù jẹ́ ju ẹni tí ń ṣe àkójọ ìperí lọ.

Ti àárín ẹsẹ̀ ni ó nílò ìrònú. 'Họ́ọ̀bù' ni àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́. 'Ìdodo' bá a mu: àárín gbùngbùn ni, ibẹ̀ sì ni ohun gbogbo ti so mọ́ra. Irin tí ó gba inú ìdodo kọjá, tí kì í yí nígbà tí ẹsẹ̀ ń yí, ni a lè pè ní 'ọ̀pá ìdodo'. Àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tí ń mú kí ìdodo yí lórí ọ̀pá náà láìfarapa ti ní orúkọ tiwọn lọ́jà, bọ́ọ̀lù náà sì tó.

3.0 Wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́: ṣé ọ̀pá ni tàbí ọsán?

Ohun tí ó so ìdodo mọ́ ríìmù ni àwọn kan ń pè ní sípóòkù, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní wáyà. 'Wáyà' ti ní iṣẹ́ púpọ̀ jù: wáyà iná wà, wáyà ọgbà wà, wáyà bíréèkì wà lórí kẹ̀kẹ́ kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ìperí lè yára mú 'ọ̀pá', nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ fún ẹsẹ̀ ọmọlanke onígi, nítorí pé níbẹ̀ ẹrù ń tẹ igi tí ó wà lábẹ́ ìdodo, igi náà sì dúró bí òpó tí ó gbé àjà. Ṣùgbọ́n wáyà kẹ̀kẹ́ kò nípọn ju bíi mìlímítà 2 lọ. Bí ènìyàn bá dá ọ̀kan dúró lórí ilẹ̀ tí ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀ kíá. Kò lè ṣe òpó.

Ohun tí ó mú kí ó lè gbé ènìyàn ni pé wọ́n ti fa gbogbo rẹ̀ le kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa ríìmù sí àárín, ìfà tọ̀tún sì ń dọ́gba pẹ̀lú ìfà tòsì, tòkè pẹ̀lú tìsàlẹ̀. Nígbà tí agẹṣinrin kẹ̀kẹ́ bá jókòó, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ìfà wọn ń dín kù; àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Jobst Brandt, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí yékéyéké nínú ìwé tí ó gbé jáde lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ní 1981. Níwọ̀n ìgbà tí ìfà àwọn ti ìsàlẹ̀ kò bá tán pátápátá, ẹsẹ̀ náà yóò le bí òkúta. Bí ó bá tán, wáyà yóò máa dẹ̀, yóò sì máa le ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan. Táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28 lórí ríìmù kẹ̀kẹ́ eré-ìje ní àyíká tí ó tó mítà 2.136, nítorí náà ìrìn kìlómítà 10 péré yóò yí i ní nǹkan bí ìgbà 4,680. Irin tí ń dẹ̀, tí ń le bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ yóò rẹ̀, yóò sì kán níbi tí ó ti tẹ̀ wọ inú ìdodo.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí a fà á le: ọsán. Ọsán ni ó wà lára ọrun. Ọsán náà ni awọ tí ó so ojú ìlù dùndún méjèèjì pọ̀, èyí tí onílù ń fún kí ohùn ìlù lè gòkè. Kò sí ẹni tí ó rò pé ọsán ni ó gbé ìlù dúró bí òpó. Ìfà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wáyà bá di 'ọsán ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́', tí bí ó ṣe le tó sì di 'ìfà ọsán', ìperí náà fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan lè sọ pé awọ ni ọsán, irin sì ni èyí. Àtakò yẹn kò wúwo, nítorí pé iṣẹ́ ni ó sọ ọsán ní ọsán, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ti àmì ohùn ni ó ṣe pàtàkì jù: ọsán kì í ṣe ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọsàn tí wọ́n ń bó jẹ.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ẹni tí ó gbà pé ọ̀pá ni yóò wá ẹsẹ̀ tí wáyà rẹ̀ nípọn, yóò sì sanwó fún un. Ẹni tí ó gbà pé ọsán ni yóò fi ìka ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì tẹ́tí. Ní ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ oníbíréèkì ríìmù, gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó dún bákan náà. Ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ti ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn irin eléyín wà, máa ń le ju ti òsì lọ, ohùn wọn sì máa ń ga jù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kò gbọdọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn. Èyí tí ó bá dún gbì, tí kò ní ohùn, ti dẹ̀ tàbí ó ti fẹ́ kán. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

4.0 Nọ́ńbà tí ń tan ni jẹ

Àárín òbírí láti etí kan dé èkejì ni ìdábùú. Ìbéèrè tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ìdábùú òbírí wo? Ní ayé àtijọ́, ìta táyà tí ó ti kún fún afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀n ní íǹṣì. Bí táyà bá nípọn, ìdábùú pọ̀ sí i. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ó dín kù, bẹ́ẹ̀ ríìmù lè má yí padà rárá. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe tirẹ̀. Nítorí náà nọ́ńbà kan náà lè wà lára ohun méjì tí kò bára mu.

Ìdábùú tí ó ṣe pàtàkì ni ti ibi tí etí táyà jókòó sí lórí ríìmù. Ìperí tí ó yẹ ẹ́ ni 'ìdábùú ìjókòó-táyà'. Lára ọ̀pọ̀ táyà òde òní ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní mìlímítà, pẹ̀lú ìbú táyà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 28-622, 28 ni ìbú, 622 sì ni ìdábùú ìjókòó-táyà. Iye kejì yìí ni kò ní ẹ̀tàn nínú.

Wò ó bí ó ti rí lórí kẹ̀kẹ́ gidi. Raleigh ńlá àtijọ́ tí ó ń lo táyà 28 x 1½ jókòó sórí 635. Tòkunbọ̀ láti Jámánì tàbí Họ́láǹdì tí wọ́n tún kọ 28 sí lára lè jókòó sórí 622. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ti ọdún 1970 sí 1985 tí wọ́n kọ 27 x 1¼ sí lára jókòó sórí 630. Èyí ni pé 'méjìdínlọ́gbọ̀n' ará Jámánì kéré sí 'mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n'. Ẹ̀gbọ́n wá kéré sí àbúrò. Èyí tí wọ́n ń pè ní 700C jẹ́ 622 kan náà. Ti 26 náà kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: 26 x 1⅜ jẹ́ 590, ti kẹ̀kẹ́ orí-òkè sì jẹ́ 559.

Mìlímítà 8 ni ó wà láàrin 622 àti 630. Ó dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n táyà 622 kò ní gun orí ríìmù 630 bí ó ti wù kí wọ́n fi irin fà á tó, túúbù ni wọn yóò fi irin náà gún. Òdì kejì ni ó léwu: táyà 630 yóò gun ríìmù 622 wẹ́rẹ́, inú oníbàárà yóò sì dùn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ le, táyà yóò yọ kúrò lórí ríìmù, túúbù yóò bẹ́, ó sì lè jẹ́ orí ìrìn ni yóò ti ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ 630 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lè wo ọ̀nà mìíràn. Táyà 622 ni ó wọ́pọ̀ jù lónìí, ti 630 sì ń ṣọ̀wọ́n sí i. Dípò kí ó máa wá 630 kiri, ó lè ra ẹsẹ̀ 622, bí rọ́bà bíréèkì rẹ̀ bá lè sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 4, èyí tí í ṣe ìdajì ìyàtọ̀ náà. Ó yẹ kí ó fi rúlà wọn èyí kí ó tó kúrò nílé. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀: àlàfo tí ó ṣẹ́ kù yóò gba táyà tí ó fẹ̀ díẹ̀ sí i, táyà tí ó fẹ̀ sì sàn fún ọ̀nà tí ó ní kòtò ju èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

5.0 Ìbú ìdodo àti irin eléyín

Kì í ṣe ìdábùú nìkan ni ó gbọdọ̀ bára mu. Ìbú ìdodo, láti ojú nọ́ọ̀tì ìdádúró kan dé ti èkejì, gbọdọ̀ bá àlàfo ẹnu fọ́ọ̀kì mu. Ti iwájú kẹ̀kẹ́ eré-ìje máa ń jẹ́ mìlímítà 100. Ti ẹ̀yìn yí padà bí irin eléyín ti ń pọ̀ sí i: 120 fún márùn-ún, 126 fún mẹ́fà tàbí méje, 130 fún mẹ́jọ sókè. Bí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ti irin pọ́ńbélé, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tí ó mọ iṣẹ́ lè fẹ̀ ẹ́ láti 126 dé 130. Kò gbọdọ̀ dán an wò lórí alumíníọ̀mù tàbí kábọ̀n.

Irin eléyín tún ní ọ̀nà méjì tí ó ń gbà so mọ́ ìdodo. Ti àtijọ́, fíríwíìlì, ni wọ́n ń yí mọ́ ọn bí ìdérí ìgò. Ti òde òní, kásẹ́ẹ̀tì, ń yọ́ wọlé sórí ìdodo tí ó ní ilà gbọọrọ-gbọọrọ lára. Ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì. Fíríwíìlì kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó fi apá ọ̀tún ọ̀pá ìdodo sílẹ̀ láìsí ìtìlẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ìdodo irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń tẹ̀ tàbí kán lábẹ́ ẹni tí ó wúwo. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń lo bíréèkì díìsìkì nílò ìdodo tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí àtúnṣe kankan tí ó lè mú kí ẹsẹ̀ bíréèkì ríìmù lásán ṣiṣẹ́ fún un.

6.0 Ibi tí ó yẹ kí owó lọ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ẹsẹ̀ náà ti kú ní tòótọ́. Ọsán kan tí ó kán kì í ṣe ikú ẹsẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Bí ríìmù bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, tí kò sì tẹ̀ kọjá ààlà, wọ́n lè fi fífà àti dídẹ ọsán tọ́ ọ padà. Bí ọsán bá ń kán léraléra lẹ́yìn àtúnṣe, gbogbo wọn ni ó ti rẹ̀, títún ẹsẹ̀ hun ni ó kù. Bí ó bá jẹ́ ríìmù nìkan ni ó bàjẹ́, tí ìdodo sì dára, ríìmù tuntun lórí ìdodo àtijọ́ lè jẹ́ ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù, pàápàá bí ríìmù tuntun bá ní iye ihò kan náà àti ìdábùú inú kan náà, kí gígùn ọsán má bàa yí padà.

Ríìmù ń gbó ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Ibi tí rọ́bà bíréèkì ti ń fún un ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Eruku pupa ọ̀nà ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, bí òjò bá ti pò ó mọ́ rọ́bà bíréèkì, ń ṣiṣẹ́ bí pépà ìfági. Tí ìka bá bá kòtò níbi tí ó yẹ kí ó tẹ́jú, ríìmù náà ti fẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ táyà sì lè là á. Ẹsẹ̀ tòkunbọ̀ tí ó ń dán gbinrin lè ní àìsàn yìí, nítorí náà ìka ni kí oníbàárà fi wò ó, kí ó má gba ojú gbọ́. Ríìmù irin oníṣíṣan náà ń dán, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pa á, bíréèkì kò mú un dáadáa. Alumíníọ̀mù sàn jù fún ẹni tí ń rìn nígbà òjò.

Iye ọsán ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ẹsẹ̀ olówó iyebíye kan kò ní ju ọsán 20 lọ, wọ́n sì rẹwà. Bí ọ̀kan bá kán lára irú wọn, ríìmù yóò yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa họ bíréèkì, ìrìn ti dópin nìyẹn. Àrà ọ̀tọ̀ ni ọsán wọn pẹ̀lú. A kò lè rí i rà ní ọjà tí ó bá sún mọ́ni. Lára ẹsẹ̀ tí ó ní 32 tàbí 36, bí ọ̀kan bá kán, ènìyàn ṣì lè rọra gùn ún délé, èyí tí wọ́n yóò sì fi rọ́pò rẹ̀ kò ṣòro rí.

Àwọn tí ń tajà fẹ́ràn láti sọ pé ẹsẹ̀ fúyẹ́. Òótọ́ ni pé ìwọ̀n orí ríìmù ń ṣe iṣẹ́ méjì nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré sí i, nítorí pé ó ń lọ síwájú, ó sì ń yí. Nítorí náà gíráàmù 200 tí wọ́n dín kù lára ríìmù dàbí 400. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ kílógíráàmù 85, 400 gíráàmù kò tó ìdá kan nínú igba. Ìgò omi tí ó ṣófo ní àbọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bákan náà, kò sì sí ẹni tí yóò ta ilẹ̀ nítorí ìyẹn. Owó tí ó yẹ kí ó lọ sórí fífúyẹ́, kí ó lọ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí pé òun ni ó ń ru ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù, òun náà ni ṣéènì ń fà. Bí owó kò bá tó méjì, ti ẹ̀yìn nìkan ni kí wọ́n rà ní tuntun.

Ohun kan kù tí ó dàbí yẹpẹrẹ. Ihò fáàfù lára ríìmù kẹ̀kẹ́ eré-ìje máa ń jẹ́ mìlímítà 6.5, fún fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́; ti fáàfù irú ti mọ́tò jẹ́ 8.5. Fọ́kánáísà ẹ̀bá ọ̀nà láàrin Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà lè fẹ́ ti mọ́tò fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnu páǹpù rẹ̀ kò ní mú fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí ìdérí bàbà kékeré kan tí wọ́n ń yí mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ra ríìmù oníhò 6.5, kí ó ra ìdérí náà ní ọjọ́ kan náà, kí ó sì so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn bíi ọ̀sẹ̀ kan, kí ó gbé ẹsẹ̀ tuntun náà padà fún ẹni tí ó hun ún, kí onítọ̀hún tún ta ọsán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó gbọ́ èyí tí ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, kí ó sì fà á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba.